Orí Kẹfà: Yíyan Gọ́ọ̀mù fún Ohun-Èlò Olókùn ní Etí Ọ̀sà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ ilé ìtajà ohun-èlò káfíńtà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ láti ra gọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi kan gìtá àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè èyí tó le jù lórí àtẹ. Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá, àmọ́ kò lè mú un dé ibi tó ń lọ. Gọ́ọ̀mù funfun, gọ́ọ̀mù yẹ́lò, gọ́ọ̀mù awọ, epoxy onítúúbù méjì: èyíkéyìí nínú wọn tí a bá fi lẹ igi méjì pọ̀, tí igi náà gbẹ, tí ojú wọn pàdé géérégé, tí a sì fi kíláǹpù dì wọ́n mú títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, yóò le ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi òòlù gbá a wò: igi ni yóò ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ìlẹ̀pọ̀ yóò sì wà bó ṣe wà. Nígbà tí gbogbo wọn ti ju igi lọ, líle kò lè jẹ́ ohun tí a ó fi ṣa ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun mẹ́ta mìíràn ló yẹ ká wò, gbogbo wọn ló sì rọ̀ mọ́ ibi tí a ń gbé: ohun tí gọ́ọ̀mù ń ṣe lábẹ́ ìfà tí kì í dáwọ́ dúró, ohun tí ooru àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà ń fojú rẹ̀ rí, àti bóyá a lè tú u nígbà tí àtúnṣe bá dé. Bí a bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀n ọ́n, gọ́ọ̀mù awọ, èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn, ló máa ń borí níbi tí ẹrù okùn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ wa kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfà. Okùn irin mẹ́fà tó fúyẹ́, tí a bá ti yí wọn dé ohùn, ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tó tó kìlógíráàmù 70 sí 75. Okùn náílọ́ọ̀nù ń fa nǹkan bí 40. Àga a máa gbé ènìyàn, onítọ̀hún a dìde, àga a sì sinmi. Gìtá kò ní ìsinmi, nítorí a kì í tú okùn rẹ̀ bí a bá fẹ́ lọ sùn. Gbogbo ẹrù yìí ló ń gbìyànjú láti hú bíríìjì, igi kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ojú gìtá tí okùn ti gbéra, kúrò níbi tó wà. Kò sí ìṣó tó dì í mú nínú ọ̀pọ̀ gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù. Gọ́ọ̀mù nìkan ni. Èyí ni gìtá fi yàtọ̀ sí fayólíìnì, tí okùn rẹ̀ so mọ́ ìdí ohun-èlò náà, tí bíríìjì rẹ̀ kàn dúró lórí pákó láìsí gọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ gọ́ọ̀mù tó yẹ bíríìjì gìtá ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn gọ́ọ̀mù kan wà tí wọn kì í já lábẹ́ irú ìfà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tí wọ́n ń sún. Lónìí bí fọ́nrán irun, lọ́dún tó ń bọ̀ bí ìdajì mìlímítà, títí bíríìjì yóò fi kúrò ní àyè rẹ̀, tí ohùn kò ní bá àwọn fúrẹ́ẹ̀tì mu mọ́. A ó máa pe ìwà yìí ní ìsún. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà wa fi ń kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sún jù nínú àwọn gọ́ọ̀mù igi gidi. Polyvinyl acetate ni wọ́n ń pè é, PVA ní ìkékúrú, irú ike kan tó ń kúrò ní líle bọ́ sí rírọ̀ láàárín 30°C sí 40°C. Ní ìlú olótùútù, ìwọ̀n yẹn jìnnà sí ohun tí gìtá ń rí lójoojúmọ́. Ní Ìkòròdú, ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ti wọ inú rẹ̀, kí a má tíì sọ ti yàrá tó wà lábẹ́ páànù láìsí sílíìnì, tàbí ti búùtù ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ títí ìsìn fi parí. Gọ́ọ̀mù kan náà tó ń ṣe dáadáa lára kọ́bọ́ọ̀dù lè dójú ti gìtá, kì í ṣe pé ayédèrú ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kò bá èyí mu. Gọ́ọ̀mù fọ́míkà, èyí tí àwọn ṣúmẹ́kà náà ń lò, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: rọ́bà ni, rọ́bà ni yóò sì máa jẹ́ títí láé. Kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ bíríìjì tàbí ara àwọn ọ̀pá tó gbé ojú gìtá ró láti inú.

Gọ́ọ̀mù yẹ́lò, tí Titebond láti Amẹ́ríkà jẹ́ èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn, bá gọ́ọ̀mù funfun tan, àmọ́ wọ́n ti tún un ṣe kí ó lè le sí i, kí ó sì farada ooru tó pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gìtá ayé ń lò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé gọ́ọ̀mù kan kì í gba omi wọlé tàn yín jẹ, o. Nínú ìdílé PVA, àwọn tí wọ́n ṣe láti dènà omi máa ń rọ̀ ju àwọn ìyókù lọ, wọ́n sì máa ń sún jù. Ó rọrùn láti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń wọ àwọn ènìyàn etí omi létí: ní Baiyékù, ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Ejìnrìn àti ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ iṣẹ́ igi ni pé kí ọkọ̀ má jò. Ọkọ̀ ojú omi ń bá omi jà. Gìtá ń bá ìfà jà.

Omi náà ní ọ̀ràn tirẹ̀ láti rò, kò sì ṣeé fojú fò ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Èkó ni ìlú méjèèjì kọjú sí, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àyíká ibẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, a tún máa kọjá 90 ní àárọ̀ ìgbà òjò. Àwọn ilé-iṣẹ́ gìtá ilẹ̀ òkèèrè ń fẹ́ kí ohun-èlò wọn wà láàárín 45 sí 55. Igi kì í yé mu omi inú afẹ́fẹ́ títí òun àti afẹ́fẹ́ yóò fi bá ara wọn dọ́gba: níbi tí ọ̀rinrin bá wà ní 50, omi inú igi yóò dúró sí nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, níbi tó bá wà ní 80, yóò súnmọ́ 16. Omi yìí ń mú kí pákó fẹ̀ níbùú, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un gùn rárá. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní, ohun tó fẹ̀ yóò súnkì, bí a bá sì ti lẹ ọ̀pá mọ́ ọn ní ìdábùú nígbà tó ṣì tutù, ọ̀pá kò ní gbà fún un láti súnkì. Pákó ojú gìtá yóò là nìyẹn. Gọ́ọ̀mù ni wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Ibi tí igi wa ti ń wá tún dá kún un. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń so gẹdú pọ̀, tí wọ́n ń fà á gba orí ọ̀sà wá sí ilé ìlàgi Oko Baba ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Agbówà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, sì ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kó àwọn onígẹdú náà lọ. Gẹdú tó ti lúwẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí káfíńtà fi tò ó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gànwó, tí ayé mọ̀ sí máhógánì ilẹ̀ Áfíríkà, dára fún ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àmọ́ bí ọ̀kankan nínú wọn bá ṣì mu omi, kò sí gọ́ọ̀mù tí yóò gbà á là. Gọ́ọ̀mù funfun, yẹ́lò àti ti awọ ń gbẹ nípa jíjẹ́ kí igi fa omi inú wọn mu, igi tó ti yó kò sì lè fa nǹkan kan. Epoxy kì í dúró de igi láti gbẹ, síbẹ̀ kì í di igi tútù mú dáadáa. Nítorí náà, kí a tó yan gọ́ọ̀mù, pákó gbọ́dọ̀ ti dúró ní yàrá tó gbẹ, pẹ̀lú pẹlẹbẹ igi láàárín ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí a sì máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n títí yóò fi dẹ́kun àtifúyẹ́ sí i. Àwọn tó bá ní àǹfààní lè dúró de ọyẹ́ kí wọ́n tó lẹ ọ̀pá mọ́ ojú gìtá. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ wa ń súnmọ́ èyí tí ohun-èlò olókùn ń fẹ́, láìná kọ́bọ̀.

Gọ́ọ̀mù awọ ni ó kù ká yẹ̀ wò. Kolajẹ́ẹ̀nì ni, ohun kan náà tó ń mú kí pọ̀nmọ́ máa lẹ̀ mọ́ni létè bí a bá sè é pẹ́. Wọ́n ń bọ awọ màlúù jẹ́jẹ́ títí èròjà yìí yóò fi tú jáde sínú omi, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò gbẹ ẹ́, wọn yóò sì lọ̀ ọ́ di wóro. Pọ̀nmọ́ inú ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí iná tí wọ́n fi sun irun kúrò lára awọ náà ti ba apá kan lára rẹ̀ jẹ́. Awọ tútù, irú èyí tó máa ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìlù, ló tọ́ bí ẹnìkan bá fẹ́ gbìyànjú àtise tirẹ̀. Fún iṣẹ́ gidi, wóro tí wọ́n ti dán agbára rẹ̀ wò ni kí a rà. Èyí tí wọ́n kọ 192 sí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan gìtá ń lò. A ó da omi tútù tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ sí i, a ó fi sílẹ̀ títí yóò fi wú, a ó wá gbé abọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná, kí gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wà ní 60°C sí 63°C. Bí ó bá kọjá 70°C fún ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí ó bá hó, ẹ dà á nù. Èyí tó ṣẹ́kù ní kí a gbé sínú fíríìjì, torí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ohun tí wàhálà yìí ń rà fún wa ni gọ́ọ̀mù tó gbẹ di líle bíi gíláàsì, tí kì í sún. Bí ó bá gbẹ délẹ̀, ooru nìkan kì í tètè mú un rọ̀ bó ṣe ń mú gọ́ọ̀mù funfun rọ̀. Ooru àti omi papọ̀ ló ń tú u. Nígbà tí bíríìjì bá kán, alátùn-únṣe yóò fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbígbóná àti omi díẹ̀ ṣí i láìfa igi ya, tuntun yóò sì lẹ̀ mọ́ àṣẹ́kù ti àtijọ́. Gọ́ọ̀mù PVA kì í lẹ̀ mọ́ àṣẹ́kù ara rẹ̀. A gbọ́dọ̀ há a kúrò, díẹ̀ lára igi a sì bá a lọ. Àwọn fayólíìnì tí Antonio Stradivari kàn ní Cremona kí ó tó kú ní 1737 ṣì ń dún lónìí, kì í ṣe torí pé wọn kò ṣí rí, bí kò ṣe torí pé wọ́n ṣeé ṣí. Àwọn kan tún ń sọ pé gọ́ọ̀mù awọ ló ń mú ohùn dùn. Ìlà gọ́ọ̀mù tí a bá dì mú dáadáa tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí yóò ṣòro láti gba èyí gbọ́. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn yàn án.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ọ̀rinrin: báwo ni gọ́ọ̀mù tí omi ń tú yóò ṣe gbé ní Ẹ̀pẹ́? Òótọ́ ni pé ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ a sì dín bí ọ̀rinrin ṣe ń ga. Àmọ́ ohun tó ń tú u ni omi gidi, tàbí afẹ́fẹ́ tó kún fún omi tí kò lọ fún ọjọ́ pípẹ́. Gìtá tó bá dé irú ipò yẹn ti wà nínú ewu láìka gọ́ọ̀mù sí: pákó ojú rẹ̀ yóò ti wú, okùn yóò ti ga kúrò lórí fúrẹ́ẹ̀tì, èébu yóò ti máa hù nínú rẹ̀. Nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ìlẹ̀pọ̀ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ju kí igi fàya lọ, nítorí ìlẹ̀pọ̀ tó ṣí ṣeé tún lẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Fáníìṣì ń dín ìyára tí omi fi ń wọlé kù. Àpótí tó ń pa dé, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré silica gel tí a máa ń rí nínú páálí bàtà, ń ṣe èyí tó kù, bí a bá ń pààrọ̀ wọn. Kí a má gbé gìtá kọ́ sára ògiri búlọ́ọ̀kù tó ń láàgùn lóṣù Keje. Ibi tí àtakò yìí ti borí ni ti gìtá tí kò ní ilé: èyí tí wọn yóò máa lù lábẹ́ kánópì lóde àríyá láàárín òjò, tí yóò sì sùn sínú ọkọ̀. Fún irú rẹ̀, ẹ lo gọ́ọ̀mù yẹ́lò, kí ẹ sì gbà pé àtúnṣe rẹ̀ yóò le.

Àtakò kejì ni pé gọ́ọ̀mù awọ kò dúró de ẹnikẹ́ni: a fi í, ó sì ti ń dì kí kíláǹpù tó dé. Ojú ọjọ́ wa ló ń gbè wá níbí. Ní ìlú olótùútù, àwọn oníṣẹ́ ní láti mú yàrá gbóná kí gọ́ọ̀mù má bàa dì kíákíá. Ní ṣọ́ọ̀bù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní 31°C, ó ń fún wa ní àyè díẹ̀ sí i, pàápàá bí a bá kọ́kọ́ fi oòrùn yá igi náà. Iná mànàmáná tí kò dúró kì í ṣe ìdíwọ́. Ìkòkò méjì tó wọnú ara wọn lórí sítóòfù gáàsì tàbí ti kẹrosíìnì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, torí 60°C kì í ṣe iná ńlá. Àwọn tó ń sọ pé bí ó bá dára bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ì bá máa lò ó gbàgbé pé ìyára ni ilé-iṣẹ́ ń wá. Síbẹ̀, Martin ti Amẹ́ríkà ń lò ó fún àwọn gìtá Authentic rẹ̀, tí ó ń ṣe ní àwòkọ́ṣe ti àtijọ́.

Àtakò kẹta ń ti ilé wa wá, ó sì yẹ fún ọ̀wọ̀. Gòjé, tí orin sákárà Yusuf Ọlátúnjí jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ dunjú, kò fi okùn rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gọ́ọ̀mù kankan. Igbá ni ikùn rẹ̀, awọ àgílíńtí ni ojú rẹ̀, ìṣó wẹ́wẹ́ ló di awọ náà mú, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀. Kí ló dé tí a kò tẹ̀lé ọ̀nà yẹn? Ẹ wo ibi tí ìfà rẹ̀ ń lọ: ọ̀pá kan ló gba inú igbá kọjá, okùn so mọ́ ìdí ọ̀pá náà lápá kan àti mọ́ orí rẹ̀ lápá kejì, ọ̀pá ló sì ń gbé gbogbo ẹrù. Ọgbọ́n ńlá ni, ọ̀rinrin kò sì rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n okùn kan péré ni, ó sì fúyẹ́. Láti ìgbà tí gìtá ti wọ inú orin jùjú, tí Àyìndé Bákárè sì fi ẹ̀rọ gbé ohùn tirẹ̀ sókè ní 1949, okùn irin mẹ́fà lórí ikùn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni etí wa ti mọ́, ikùn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé kàn láìlẹ nǹkan pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí gòjé kọ́ wa tó ṣì wúlò ni pé kí a dín ẹrù tí a ń dì ru gọ́ọ̀mù kù níbikíbi tí igi tó wọnú ara wọn bá lè gbà á.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ pé wọ́n ń fi ẹja ṣe gọ́ọ̀mù lè ronú kan ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí awọ ẹja kì í ti í wọ́n. Lóòótọ́ ni gọ́ọ̀mù ẹja wà, ó sì rọrùn láti lò torí kì í fẹ́ ooru. Ó kàn jẹ́ pé ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra ju ti awọ màlúù lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó gbẹ.

Gọ́ọ̀mù awọ náà ní ibi tí kò ti yẹ. Pákó ìka tí a ń lẹ̀ mọ́ ọrùn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Omi inú gọ́ọ̀mù yóò mú ojú kan rẹ̀ wú, ọrùn yóò sì tẹ̀ sẹ́yìn kí iṣẹ́ tó tutù. Epoxy tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò ní omi nínú, ló dára níbẹ̀; ẹ má ṣe lo ti ìṣẹ́jú márùn-ún, ooru tètè ń mú un rọ̀. Super glue, tí Harry Coover bá pàdé ní 1942 tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1958, ọ̀rinrin ló ń mú un dì, nítorí náà ó ń yára lọ́dọ̀ wa ju ibi tó gbẹ lọ. Ó dára fún fúrẹ́ẹ̀tì tó ṣí àti ojú sísán kékeré, ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́ níbi tó ń gba ìkọlù. Tíìkì àti ìrókò ní òróró lára; ẹ fi acetone nù wọ́n, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n láàárín wákàtí kan, kí òróró mìíràn tó sun jáde.

Kí ẹ má bàa gba ọ̀rọ̀ ìwé yìí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ gé pẹlẹbẹ ọ̀gànwó gbígbẹ tí ìbú wọn jẹ́ mìlímítà 20, kí ẹ lẹ̀ wọ́n ní méjì-méjì kí orí wọn gun ara wọn ní mìlímítà 20. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ ọ̀kan, yẹ́lò èkejì, ti awọ ẹ̀kẹta, ti fọ́míkà ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi abẹ fa ìlà tínrín kan la ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀pọ̀ kọjá, láti ara igi kan dé ara èkejì. Ẹ so wọ́n rọ̀ lábẹ́ páànù, kí ẹ fi garawa omi lítà 20 kọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n díẹ̀ sókè ilẹ̀ kí ó má bàa dà bí ó bá já. Ẹ máa wo ìlà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì máa kọ ìwọ̀n ooru ọ̀sán sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù Keje, kí ẹ sì mú àkọsílẹ̀ méjèèjì wá sí Orí Keje, níbi tí a ó ti lẹ ọrùn mọ́ ikùn.